Ojú Kejì Àwo Bùrẹ́ímọ̀

Ohùn mi ti kúrò nílé láti ọdún 1988, kò sì padà wá kí mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó jáde lọ, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Èmi ni mo dàgbà. Èmi ni orúnkún ń dùn, èmi ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún, tí mo wá ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí. Òun kò mọ nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Ó ń rìn kiri ayé tòun ti ọrùn dídán rẹ̀.

Sátidé kan nínú ọyẹ́ ni mo tún pàdé rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù Qudrah tó ń dirun fún wa ní àdúgbò Lotto níhìn-ín, ní Mowe. Ọ̀nà márosẹ̀ funfun bí omi ọ̀gì, àwọn mọ́tò ń yọ láti inú rẹ̀, wọ́n sì tún ń wọ inú rẹ̀ lọ. Mo gbé orí fún Qudrah, oorun sì ń gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí ọmọbìnrin kan sì gbé orin lé e:

Bùrẹ́ímọ̀ Àkànjí, baba Àbúbákr,
Ẹni tó kọ́lé tán, tó rántí ẹni tójò ń pa.

Mo sọ nínú oorun yẹn pé, "Ọmọ yìí mà mọ orin kọ o. Ta ló bí i?" Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó mọ̀ pé èmi ni. Àyà mi já, ojú mi là, mo sì fẹ́ dìde lọ pàdé rẹ̀, àfi bíi pé ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Qudrah, ta ló ń kọrin yẹn?"

Ó bojú wo fóònù rẹ̀. "Wọ́n ní Alhaji Bùrẹ́ímọ̀ Àkànjí ni, Àlájà. Old school ni. Ó ti ń trend láti bí oṣù méjì, gbogbo èèyàn ló ń fi ṣe fídíò."

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀ mí pé kí n má mi orí mọ́. Alhaji Bùrẹ́ímọ̀! Ọkùnrin tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ifo, kí Ọlọ́hun forí jìn ín, tó jẹ́ pé bó bá gbé orin ní àṣàlátù, gbogbo ìjọ ni yóò bẹ̀ ẹ́ kó fi ohùn rẹ̀ sinmi. Ohùn obìnrin, orúkọ ọkùnrin onírùngbọ̀n, kò sì sí ẹnìkan ní gbogbo ayé tó bi ara rẹ̀ léèrè pé báwo ló ṣe jẹ́. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, omijé wá tẹ̀ lé e. Mo sọ fún Qudrah pé ó fa irun mi jù.

Kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí láyé ìgbà náà, lọ́dún 1988 tí mo kọ ọ́ sínú àwo. Olórin wákà tí kò lórúkọ kì í rówó ṣe àwo. Olówó kan ni yóò gbé e lọ sí sítúdíò, òun náà ni a ó sì kọrin kí. Àwòrán olówó ló máa ń wà níwájú páálí àwo, tòun ti agbádá, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á sì kọ gàdàgbà sí i. Tèmi wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀, tín-ín-rín, lábẹ́ àdírẹ́sì ilé ìtẹ̀wé. Kò dùn mí nígbà náà. Kí ni yóò dùn mí sí? Gbogbo ẹni tó ra àwo ló mọ̀ pé ẹni tó wọ agbádá kọ́ ló ń kọrin. Bẹ́ẹ̀ sì ni a kì í dárúkọ ara wa ní ojú kìíní àwo, ìwà àìmọ̀wọ̀n-ara-ẹni ni. Ó di ìparí ojú kejì kí olórin tó sọ orúkọ rẹ̀ àti ti baba rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti kí gbogbo ẹni tó yẹ kó kí.

Hanifah, àbíkẹ́yìn mi, ló là mí lóye nígbà tí mo délé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ ọ̀nà àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ó ní ẹnìkan tó ń ra àwo àtijọ́ kiri ló gbé e sórí ẹ̀rọ tí gbogbo ayé fi ń gbọ́ orin. Ó ka iwájú páálí, ó rí orúkọ Bùrẹ́ímọ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú kìíní nìkan ló sì gbé síbẹ̀. Bóyá ojú kejì ti họ, bóyá ó kàn rẹ̀ ẹ́.

"Mọ́mì, àwọn tó ti gbọ́ yín ti ju two hundred thousand lọ o!"

Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá èèyàn. Mo gbìyànjú láti fojú inú wò wọ́n. Mo rí pápá Redemption Camp lálẹ́ tí wọ́n bá ń ṣe ìsìn ńlá wọn, tí iná mọ́tò kì í tán lójú ọ̀nà, mo sì rí ọmọbìnrin kan tó dúró láàárín wọn, tó ń kọrin, tí kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ tí wọ́n fi ń pè é.

"Owó ńkọ́?" mo béèrè.

"Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló ń gbà á. Kò sì pọ̀. Bí ẹnìkan bá gbọ́ orin yín lẹ́ẹ̀kan, ohun tí wọ́n ń san kò tó ra ẹ̀là ata kan."

"Jẹ́ kó máa jata rẹ̀, kó ta á lójú. Orúkọ mi ni mo fẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ ọ́, òótọ́ sì ni. Mo ní híjáàbù àti tẹ̀sùbáà tí mo ń tà, n kò kú sí i. Ṣùgbọ́n mo ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Kò sí ohun tí mo ṣe láyé yìí tó dùn tó ìṣẹ́jú méjìdínlógún orin yẹn, bí mo bá sì kú, Bùrẹ́ímọ̀ ni wọn yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé.

Hanifah kọ̀wé sí àwọn onílé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ orin náà. Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé, kò sí orúkọ èèyàn kankan nídìí rẹ̀. Wọ́n ní Bùrẹ́ímọ̀ Àkànjí ni olórin tí àwọn mọ̀. Bí a bá ní òun kọ́, kí a mú ìwé wá láti ọwọ́ rẹ̀, tàbí ti àwọn ọmọ rẹ̀ bó bá ti kú. Hanifah ní kí n kọ díẹ̀ sínú fóònù kí wọ́n fi wé ti inú àwo. Mo la ẹnu. Èémí ló jáde, àti nǹkan kan tó ń họ bí èèkánná lára páànù. Ọmọ mi pa fóònù náà, ó sì ṣe bí ẹni pé dátà rẹ̀ ló tán.

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rọ tó mọ orin tí ọmọ ọdún méjìdínlógún kan nílùú òyìnbó yóò fẹ́ gbọ́ lọ́la, kò wá mọ ohùn obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin! Ṣé gbígbọ́ ni wọ́n ń gbọ́ orin ọ̀hún, àbí kíkà ni wọ́n kàn ń kà á bí ẹni ka ẹ̀pà?

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Hanifah wọkọ̀, ó di Ifo. Mo sùn lójú ọ̀nà, mo jí, mo tún sùn. Igbó ń kọjá, ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí ń kọjá, eruku pupa bo ewé gbogbo. Ibì kan lẹ́yìn Pápálantó, obìnrin kan tó jókòó níwájú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sínú. Orin mi ni. Kò mọ̀ pé òun ń kọ ọ́, ó kàn ń wo ojú fèrèsé. Mo na ọwọ́ láti fi kàn án léjìká, kí n sọ fún un, mo sì tún fà á padà. Kí ni mo fẹ́ wí, pẹ̀lú ohùn wo?

Ilé Bùrẹ́ímọ̀ kò yí padà púpọ̀. Ìloro fífẹ̀ kan náà, òkúta tútù kan náà. Àbúbákr, àkọ́bí rẹ̀, ló jáde sí wa. Ọmọ iléèwé tíṣà ni nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, ó ti wá di tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, orí rẹ̀ ń dán. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí mi, Hanifah kúnlẹ̀ kí i, wọ́n gbé omi fún wa. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó gbọ́ mi dópin, ó sì ń fọwọ́ pa eékún rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àlájà," ó ní. "N kò ní purọ́, mo mọ̀ pé Bàbá ò kọrin. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ò mọ bàbá wọn àgbà. Orí fóònù yìí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń béèrè pé ṣé ẹ̀yin lẹ ni Bùrẹ́ímọ̀ yẹn, inú wọn sì ń dùn. Bí mo bá fọwọ́ síwèé, orúkọ Bàbá yóò kúrò níbẹ̀. Àbí Bàbá kọ́ ló náwó sí i?"

"Bàbá rẹ ló náwó sí mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé yìí," mo dá a lóhùn. "Ṣé òun náà ni Lèmọ́mù ibẹ̀?"

Hanifah tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi dun Àbúbákr, mo sì rí i pé kò ní fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tútù ni mo gbé wá láti Mowe, ìbínú mi ló bà á jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká híjáàbù mi jọ.

Ìgbà náà ni orin náà bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Ìyá ni," Àbúbákr sọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Lẹ́yìn ìrun Alaasari, a gbọ́dọ̀ gbé e fún wọn. Wọ́n ti gbàgbé púpọ̀ nínú wa. Wọ́n máa ń pè mí ní orúkọ àbúrò wọn. Ṣùgbọ́n orin yìí, wọn ò gbàgbé rẹ̀."

A jókòó, a ń gbọ́. Oòrùn ti rọlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sórí ilẹ̀ bí ẹní. Ọmọbìnrin yẹn ń kọrin nínú yàrá, ó ń kí Bùrẹ́ímọ̀, ó ń kí àwọn ọ̀rẹ́ Bùrẹ́ímọ̀, ó ń kí ilé tí Bùrẹ́ímọ̀ kọ́, èyí tí a jókòó sí. Ó wá dákẹ́.

"Kò tíì tán," ohùn arúgbó kan sọ.

Àbúbákr mí kanlẹ̀. "Ohun tí wọ́n máa ń wí nìyẹn. Ojoojúmọ́. A ó tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn ó ní èyí kọ́, kò tíì tán. Nígbà mìíràn wọn a máa sunkún. Dókítà ní ọjọ́ ogbó ni, ká máa ní sùúrù."

Mo dìde láìtọrọ ààyè, mo wọ yàrá lọ.

Àlájà Ummulkhair dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fóònù ọmọ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Ìyàwó Bùrẹ́ímọ̀ ni. Ní ọdún tí a ṣe àwo yẹn, obìnrin gàgàrà ni, ẹ̀rín rẹ̀ a máa dé ojú títì. Ó ti wá kéré bí ọmọdé. Ó kọjú sí ògiri.

"Kò tíì tán," ó tún wí.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ pé. Nínú gbogbo àwọn tó ń gbọ́ orin yẹn lórí ilẹ̀ ayé, òun nìkan ló mọ̀ pé wọ́n gé e sí méjì. Mo tẹ ẹnu mọ́ etí rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ ojú kejì pẹ̀lú èémí ìyókù tó wà lọ́fun mi. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni mo rí gbé.

Ummulkhair, aya Àkànjí…

Ó yí ojú kúrò lára ògiri. Kò wò mí. Òkè àjà ló ń wò, ó sì gbà á lẹ́nu mi, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó tẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró sójú orin gan-an:

Ummulkhair, aya Àkànjí,
Ọmọ Wásinmi, ọmọ ẹni rere,
Ẹ̀rín rẹ ni í ṣílẹ̀kùn kí àlejò tó kàn án.

Mo ń gbè é pẹ̀lú ètè lásán. "Ọmọ Ìtòrí" ni mo kọ sínú àwo, òun ní "ọmọ Wásinmi". Mo ní, ó dára, ogbó ló dé, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ó ń bá a lọ. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó kí àwọn ìyá rẹ̀, ó kí àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń lọ sí àṣàlátù, púpọ̀ nínú wọn ti kú, ó ń mú wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, yàrá náà sì ń kún. Mo ń rí wọn. Ó wá dé ìparí, ó dín ohùn kù gẹ́gẹ́ bí mo ṣe dín in kù ní sítúdíò lọ́jọ́ náà:

Bẹ́ ẹ bá ń béèrè ẹni tó kọ ọ́,
Àsmá'ù ni, ọmọ Múkàílà, Ibafo nilé wa.

"Ó tán wàyí," Àlájà Ummulkhair sọ, ó sì pa ojú dé.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Àbúbákr dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ gbá àtẹ́rígbà mú. Hanifah wà lẹ́yìn rẹ̀, fóònù lọ́wọ́, ó ń sunkún bí òmùgọ̀.

"N kò gbọ́ orúkọ ìyá mi nínú orin rí," Àbúbákr sọ. "N kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀."

"Ojú kejì ni wọ́n wà," mo wí. "Ibẹ̀ ni wọ́n gbé àwa méjèèjì tì sí."

Ó lọ síbi àpótí ìyá rẹ̀. Àwo náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi gèlè wé e, kò họ rárá. Ó gbé e lé Hanifah lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àga, ó wọ ìgò ojú, ó sì kọ ìwé náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tíṣà: pé baba òun ló náwó sí orin yìí, pé Àsmá'ù Múkàílà ló kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó forí jìn mí lórí ọ̀rọ̀ Lèmọ́mù. Ó ní òun ti ń rò ó pé òun yóò máa fi pa àwọn ọ̀rẹ́ òun lẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni àwọn onílé-iṣẹ́ náà fi wo ìwé kan. Lẹ́yìn náà, láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, Hanifah gbé fóònù sí mi lójú: Àsmá'ù Múkàílà. Wọ́n fi àmì ohùn sí orí orúkọ mi dáadáa, bí Hanifah ṣe kọ ọ́ fún wọn. Ní ti owó, wọ́n ní láti ọjọ́ yẹn lọ ni àwọn yóò máa kà á sí tèmi, ohun tó ti kọjá ti kọjá. Olè ni wọ́n. Mo ní ká sọ ọ́ lójú ara wọn, Hanifah sì kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Ọkùnrin kan ní Ibafo tó ṣì ní ẹ̀rọ tó ń yí àwo ló bá wa gba ojú kejì sínú fóònù, a sì gbé òun náà sórí ẹ̀rọ. Wọ́n ṣì ń gbọ́ ojú kìíní lọ ràì, bí ẹni ń mu omi. Àwọn tó ti gbọ́ ojú kejì jẹ́ mọ́kànlélógójì. Àwọn aráyé kò ní sùúrù dé ibẹ̀. Mo mọ ẹni tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́, ó tó mi.

Lọ́jọ́ kejì tí a gbé e síbẹ̀, lẹ́yìn Alaasari, Àbúbákr pè mí.

"Ìyá gbọ́ ọ dópin lónìí," ó ní. "Wọn ò sọ pé kò tíì tán mọ́. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín."

"Alihamudulilahi."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní iṣẹ́ kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́ fún yín. Orí wọn pé dáadáa lónìí, Àlájà, wọ́n pè mí lórúkọ mi. Wọ́n ní láti ọdún tí ẹ ti ṣe àwo yẹn ni wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ fún yín, ojú ló ń tì wọ́n. Wọ́n ní wọn kì í ṣe ọmọ Ìtòrí. Ọmọ Wásinmi ni wọ́n."

Èmi tí mo ń kiri ayé pé wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn sórí iṣẹ́ mi. Orin kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kọ fún obìnrin yìí láyé rẹ̀, mo fún un ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀, ó tún un ṣe lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì ń sunkún lójoojúmọ́ pé kí wọ́n gbé e fún òun. Ojú tì mí débi pé mo fi híjáàbù bo ẹnu, àfi bíi pé Àbúbákr ń wò mí.

"Àlájà? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Bá mi bẹ Ìyá," mo sọ. "Ọmọdé ló kọ ọ́, kò gbọ́n, kò béèrè. N bá bá a wí, ṣùgbọ́n kò sí nílé."